Kí A Tó Sọ̀ Kalẹ̀, Ẹ Jẹ́ Kí A Mọ Bí A Ó Ṣe Gòkè

 

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ọdún yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn kan ní ó ti sú àwọn láti máa wọ bọ́ọ̀sì lọ wo ààfin àti ọgbà ẹranko. Wọ́n ní kí a lọ wọ ihò inú ilẹ̀, irú èyí tí ènìyàn ń fi okùn sọ̀ kalẹ̀ sí. Àwọn mìíràn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ ta ló fẹ́ lọ kú sí kòtò? Ariwo pọ̀, ìpàdé sì tú láìfẹnukò.

Èmi fara mọ́ ìrìn-àjò náà, ṣùgbọ́n n kò nawọ́ nígbà tí wọ́n ní kí a dìbò. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín.

Sábóńgàrì, níbí ní Zaria, ni wọ́n bí mi sí. Bí àwọn Hausa ṣe ní Sábó n'Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ní Sábóńgàrì níhìn-ín. Omi kànga ni mo mu dàgbà, nítorí náà mo rò pé mo mọ kànga. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, korobá wa já sínú kànga ní ilé tí a háyà ní Sámárù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí ló le níbẹ̀, kí a so okùn mọ́ òun níbàdí, kí a sọ òun kalẹ̀. Okùn tí a fi ń sá aṣọ ni a tú. Ó sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, ó mú korobá, ó ní kí a fa òun.

Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Okùn náà ń ha etí kànga, ó sì ń tú fọ́nránfọ́nrán. Bí a bá fà á, ó ń gé sí i. Bí a kò bá sì fà á, ọ̀rẹ́ wa ń rọ̀ nínú òkùnkùn, okùn ti fún un níkùn, kò lè mí dáadáa.

Àdúgbò gbọ́ igbe wa. Bàbá Hausa kan tó ń gbẹ́ kànga sáré dé. Ó ju okùn tirẹ̀ sísàlẹ̀, ó ní kí ọmọ náà jókòó sínú ojóbó rẹ̀. Ó fi àpò ìdọ̀họ tẹ́ etí kànga, ó so ìdí okùn mọ́ igi dógóyárò, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fà á títí òun yóò fi sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọmọ náà jáde tán, ó bi wá léèrè pé: "Ẹ mọ bí yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀. Ta nínú yín ló mọ bí yóò ṣe gòkè?" Kò sí ẹni tó dáhùn.

Ìbéèrè yìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo iṣẹ́ àwọn tó ń wọ ihò. Ní ọdún 1895, nígbà tí Édouard-Alfred Martel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, wọ ihò Gaping Gill ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àkàbà okùn ló lò. Lóde òní, okùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń lọ tí wọ́n fi ń bọ̀. Irin kan wà ní ìbàdí tó ń di okùn mú kí ènìyàn má baà já lulẹ̀ bí ó ti ń sọ̀. Àwọn irin mìíràn wà tó ń rìn lórí okùn lọ sókè, tí kì í yọ̀ padà. Ẹni tí kò bá mọ àwọn irin àtigòkè yìí lò, wọn kì í jẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀ rárá. Wọn kì í so okùn mọ́ ojú kan ṣoṣo, wọ́n sì ń yẹra fún ibi tí òkúta ti lè ha á. Ohun tí bàbá wa fi àpò ìdọ̀họ ṣe ní Sámárù náà nìyẹn.

Afẹ́fẹ́ tún ń bẹ níbẹ̀. Ní ọdún 2018, nígbà tí omi sé àwọn ọmọdékùnrin 12 àti olùkọ́ bọ́ọ̀lù wọn mọ́ inú ihò Tham Luang ní Thailand, gbogbo wọn ló jáde láàyè. Ṣùgbọ́n Saman Kunan, ọmọ ogun ojú omi tẹ́lẹ̀ rí tó lọ gbé àgbá afẹ́fẹ́ fún wọn, kú lójú ọ̀nà ní ọjọ́ 6 oṣù Keje nítorí pé afẹ́fẹ́ tirẹ̀ tán. Ẹni tó mọṣẹ́ nìyẹn o. Àwọn kan máa ń sọ àtùpà kalẹ̀ sínú kànga láti mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n èéfín jẹnẹrétọ̀ lè pa ènìyàn kí àtùpà tó kú.

Ẹ má wá sọ pé ti òyìnbó ni okùn. Igbà ni ẹlẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ, kì í sì í fi ẹ̀mí rẹ̀ lé igbà tí kò yẹ̀ wò. Ẹ má sì bi mí pé kí ni a ń wá nínú ihò. Abẹ́ Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní ọdún 1830. Ní Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni Thurstan Shaw ti wú egungun ènìyàn jáde ní ọdún 1965, egungun tó ti lé ní 11,000 ọdún. Ìtàn wa wà nínú ihò.

Òótọ́ ni pé a kò lè rí ihò jíjìn ní Zaria. Inú òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, irú ti Ewékorò, ni omi ti sábà máa ń gbẹ́ irú wọn. Òkúta akọ ni tiwa. Ṣùgbọ́n òkè Kùféńà wà nítòsí, a lè kọ́ okùn ní ẹsẹ̀ rẹ̀ bí àwọn onílẹ̀ bá yọ̀ǹda.

Àbá mi fún àwọn olóyè ẹgbẹ́ rèé. Kí a má lọ ní sáà yìí. Kí a wá ẹni tó mọ iṣẹ́ okùn kọ́ wa fún odidi sáà kan, kí a sì sanwó fún agbẹ́kànga kan kí ó wá bá wa sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá lè fúnra rẹ̀ gòkè lórí okùn ní ìgbà mẹ́ta láìsinmi, kí ó dúró sókè. Ẹni tí ẹ̀rù bá sì ń bà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní ojo.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ mi yóò ní mo ń fi iṣẹ́ falẹ̀. Àwọn Hausa ní "sannu ba ta hana zuwa," ìrìn jẹ́jẹ́ kò ní kí a má dé. Àwọn bàbá wa náà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tí a bá tún pàdé, n ó nawọ́ fún ìrìn-àjò yìí, bí ẹnìkan nínú wa bá ti lè dáhùn ìbéèrè bàbá agbẹ́kànga.