Aláwọ̀ dúdú méjì ló ṣe alùpùpù tí gbogbo ayé ń pariwo, ẹlòmíràn ló gba orúkọ!

Ẹni tó bá fẹ́ràn alùpùpù ńlá ti ní láti rí àwòrán ọ̀kan báyìí rí: àsíá Amẹ́ríkà ni wọ́n kùn sára táńkì rẹ̀, táyà iwájú rẹ̀ jìnnà réré sí ẹni tó gùn ún, ẹ̀yìn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ jókòó. Irin gíga kan nà sókè gbọọrọ lẹ́yìn síìtì rẹ̀. "Captain America" ni wọ́n sọ ọ́, Peter Fonda ló sì gùn ún nínú fíìmù Easy Rider tó jáde ní 1969. Wọn ò náwó púpọ̀ lé fíìmù náà lórí, ṣùgbọ́n owó tó pa kúrò ní kékeré. Fonda àti Dennis Hopper tí wọ́n jọ ṣe é wá di ẹni tí tọmọdé tàgbà mọ̀.

Ta wá ló ṣe alùpùpù ọ̀hún? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Aláwọ̀ dúdú méjì ni. Cliff Vaughs, ayàwòrán tó ti bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú ṣiṣẹ́, ló ṣètò bó ṣe máa rí. Ben Hardy, mẹkáníìkì tó ní ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní Los Angeles, ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Kì í sì í ṣe alùpùpù tuntun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ o. Àlòkù ọlọ́pàá ni, Harley-Davidson tí àwọn agbófinró ti gùn títí tó fi sú wọn, tí wọ́n wá gbé e sí gbàǹjo. Nǹkan bíi 500 dọ́là ni wọ́n ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin ni wọ́n rà, méjì fún Fonda, méjì fún Hopper, nítorí bí ọ̀kan bá bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, òmíràn á wà nílẹ̀.

Ẹ̀yìn àwọn alùpùpù yẹn niṣẹ́ pọ̀ sí. Gbogbo ẹrù ọlọ́pàá ni wọ́n tú kúrò. Irú Harley tí wọ́n rà yẹn kò ní ṣọ́ọ̀kù lẹ́yìn rárá, irin ló de táyà ẹ̀yìn mọ́ fíréèmù ṣinṣin, gbogbo gbágungbàgun títì, ìdí ẹni tó gùn ún ló ń gbà á. Irin gíga tó wà lẹ́yìn síìtì náà kì í ṣe fún fáàrí nìkan, òun ni ẹni tó jókòó sẹ́yìn ń fẹ̀yìn tì. Nígbà tí Jack Nicholson jókòó sẹ́yìn Fonda nínú fíìmù náà, irin yẹn ni kò jẹ́ kó dàánù.

Ṣùgbọ́n nígbà tí fíìmù jáde, orúkọ Vaughs ò sí níbẹ̀, ti Hardy náà ò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn èèyàn fi ń wo alùpùpù náà tí wọn ò mọ ẹni tó ṣe é. Hardy kú ní 1994, Vaughs kú ní 2016. Àwọn alùpùpù mẹ́rin náà ńkọ́? Ọ̀kan bàjẹ́ sínú fíìmù, àwọn olè sì jí mẹ́ta yòókù gbé kí fíìmù tó jáde. Ní 2014, wọ́n ta ọ̀kan tí wọ́n ní òun ni Captain America ní gbàǹjo, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Kíá làwọn kan ti dìde pé irọ́ ni, pé òun gan-an kọ́. Ẹ ò rí i pé orúkọ alùpùpù tówó, orúkọ ẹni tó ṣe é ni wọn ò kà sí!

Kì í ṣe Hardy ló bẹ̀rẹ̀ àṣà kí wọ́n máa gé ẹ̀yìn alùpùpù. Àwọn kan ti ń ṣe é kí ogun àgbáyé kejì tó dé. Nígbà tí ogun parí ní 1945, tí ìjọba ta alùpùpù ogun ní ọ̀pọ́, àwọn ọ̀dọ́ ń rà á, wọ́n ń yọ mọ́dígáàdì iwájú dànù, wọ́n sì ń gé ti ẹ̀yìn kúrú kó lè fúyẹ́, kó lè sáré. Bobber ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, láti ara ẹṣin tí wọ́n gé nírù. Nígbà tí iléeṣẹ́ Harley-Davidson rí i pé owó wà níbẹ̀, àwọn náà dá sí i. Super Glide dé ní 1971. Softail tẹ̀ lé e ní 1984, ìyẹn tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kù pa mọ́ sábẹ́, tó fi jọ ti àtijọ́ tí kò ní ṣọ́ọ̀kù. Ohun tí mẹkáníìkì ń ṣe ní kọ̀rọ̀ ló wá di ọjà olówó ńlá.

Títí di òní, ẹni tó bá ra àlòkù Honda Shadow tàbí Yamaha Virago ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yìn ló sábà máa ń kọ́kọ́ kọjú sí. Iṣẹ́ náà sì ní ẹ̀tàn. Mọ́dígáàdì rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n irin tó gbé e dúró, tó sì gbé síìtì àti èrò dúró, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ayùn bẹ́ bí ìrèké. Ibi tí ṣọ́ọ̀kù dè mọ́, ẹni tó gbọ́n kì í fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá sì fẹ́ jó irin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú orí bátìrì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná wẹ́dà á ba àwọn ohun èlò iná rẹ̀ jẹ́.

Èyí tó burú jù ni ṣọ́ọ̀kù kúkúrú. Bí alùpùpù bá dúró jẹ́ẹ́, àlàfo wà láàárín táyà àti mọ́dígáàdì, ojú á ní kò séwu. Ẹ jẹ́ kí èèyàn méjì gùn ún, kó wá bọ́ sí kòtò, táyà á gòkè, á sì máa ha irin. Ohun tí àwọn tó mọṣẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n á tú ṣọ́ọ̀kù sílẹ̀, wọ́n á gbé táyà sókè débi tó lè gòkè dé, kí wọ́n tó lu ihò kankan. Wọ́n á tún wò ó bóyá ìdí ẹ́ńjìnì ò ní máa ha títì bó bá ń yà ní kọ́nà.

Iná ẹ̀yìn náà ń kọ́? Àwọn mìíràn á fi iná bíńtín rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, tirafikétọ̀ á wá máa ṣẹ́jú wéréwéré, torí iná LED kì í fa iná bí gílóòbù àtijọ́, àfi kí wọ́n pààrọ̀ réléè rẹ̀. Kékeré nìyẹn. Bí awakọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò bá rí iná burẹ́kì, gbogbo ẹwà tí wọ́n náwó lé lórí ti dòfo.

Nílẹ̀ tiwa, ìdàkejì là ń ṣe. Àwọn òyìnbó ń gé ẹ̀yìn alùpùpù kúrú kó lè gba ẹnì kan, ọlọ́kadà ń fa síìtì gùn kó lè gba mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni irin ń sọ fún gbogbo wọn: ibi tó bá ti rẹ̀ ẹ́ ni yóò ti dá. Ẹni tó bá fẹ́ tún ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀ ṣe, kó wá ẹni tó mọṣẹ́, kó sanwó iṣẹ́ fún un. Bí iṣẹ́ náà bá sì dára, táwọn èèyàn ń bèèrè pé ta ló ṣe é, kó dárúkọ onítọ̀hún. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún Ben Hardy títí tó fi kú.