Ta Ló Ń Fún Káńsù Ní Máàkì?

Tí táàmù bá parí, àwọn òbí wa á rí èsì ìdánwò wa, kódà ibi tí a ti fìdí rẹmi. Ó yẹ kí káńsù Ìfẹ́dọ̀rẹ́, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ìgbàrà-Òkè, máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwa ará Ìjàrẹ: kí wọ́n lẹ ohun tí wọ́n ṣèlérí, èyí tí wọ́n ṣe àti iye tí wọ́n ná mọ́ ara ògiri ọjà. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í fún ara rẹ̀ ní máàkì.

Ní oṣù keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó káńsù máa lọ sọ́wọ́ káńsù tààrà. Ẹni tó bá gbowó la ó bi. Òfin ọdún 2011 sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti béèrè ìwé ìjọba. Ọjọ́ 7 ni wọ́n fi gbọ́dọ̀ fèsì.

Ẹ̀yin oníròyìn ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká kọ lẹ́tà náà. Tí èsì bá dé, ara ògiri yìí la ó lẹ̀ ẹ́ mọ́. Tí kò bá dé, a ó lẹ lẹ́tà wa, tòun ti ọjọ́ tí a kọ ọ́.