Òfin Tí A Fi Ìbínú Wọ̀n

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọmọ bá ṣi ìṣirò ṣe, a ó fi ibi tí ó ti ṣìnà hàn án. Ṣùgbọ́n bí a bá nà án kìkì nítorí pé inú bí wa, kí ni ó kọ́?

Irú ìbínú bẹ́ẹ̀ ni àwọn aṣòfin wa ní Àbújá sọ di òfin ní 2015, nígbà tí wọ́n ṣe òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Pé wọ́n fẹ́ mú àwọn gbájúẹ̀ dára. Olè ni olè ń jẹ́, ìbáà ṣe lọ́jà tàbí lórí fóònù. Ìpín 24 ni mo ń bá wí. Ó ní ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi irọ́ ránṣẹ́ láti bí ẹlòmíràn nínú, láti yọ ọ́ lẹ́nu, tàbí láti bú u, lè ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún 3, tàbí kí ó san mílíọ̀nù 7 náírà, tàbí méjèèjì.

Wọn a ní irọ́ ni àwọn kà léèwọ̀. Ta ni yóò kọ́kọ́ pè é ní irọ́? Ẹni tí inú ń bí náà ni! Kí adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́, akọ̀ròyìn ti sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Ní 2020, Ilé-ẹjọ́ ECOWAS pàṣẹ pé kí ìjọba pa ìpín náà rẹ́ tàbí kí ó tún un ṣe. Ó di 2024 kí wọ́n tó yọ ìbínú àti èébú kúrò. Ewu ẹ̀mí tí wọ́n fi sí i yé mi; ṣùgbọ́n “dída òfin àti ètò ìlú rú” tí wọ́n tún kọ síbẹ̀ gbòòrò bí agbádá, kò sí ẹni tí ọlọ́pàá kò lè wọ̀ ọ́ fún.

Bí àgbẹ̀ kan bá kọ ọ́ sí Facebook pé alága ìbílẹ̀ jẹ owó afárá, ṣé ìlú ni ó dàrú, tàbí ọkàn alága?