Ẹni tó fẹ́ ra ilé tuntun, ilé àná ni kó kọ́kọ́ lọ wò

Oníṣòwò tó ń ta aṣọ ní Balógun kì í ra bélì aṣọ láì jẹ́ kí wọ́n tú u wò. Yóò fọwọ́ fà á, yóò gbé e síta kó lè rí àwọ̀ rẹ̀ nínú oòrùn, yóò sì béèrè ẹni tó rà á kẹ́yìn. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládìpọ̀ kò ní sanwó ẹ́ńjìnì tí kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí irú àwọn èèyàn yìí bá fẹ́ ra ilé tí owó rẹ̀ ju ti gbogbo ọjà inú ṣọ́ọ̀bù wọn lọ, ìwé ìpolówó aláràbarà kan àti ilé àpẹẹrẹ tí wọ́n kùn ní ọ̀dà funfun ló sábà máa ń tó láti mú kí wọ́n sanwó.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé nìkan, ọ̀rọ̀ òwò ni. Inú òwò ni owó tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré fi ń ra ilé ti ń jáde: àjọ tí wọ́n kó, owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, èrè ọdún mẹ́wàá tí ì bá di ọjà. Bí òrùlé ilé náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò ní oṣù kẹta tí wọ́n kó wọ̀ ọ́, inú ṣọ́ọ̀bù ni owó páànù yóò ti wá. Bí sọ́kàwéè bá kún, inú ṣọ́ọ̀bù náà ni. Kò ní pẹ́ tí ìsọ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo, tí ẹni tó lóun ti di onílé yóò sì máa wá owó tí yóò yá kiri.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé ilé tuntun kò tíì ní ìtàn. Ọ̀dà lè bo ògiri tí wọ́n fi yanrìn púpọ̀ àti sìmẹ́ǹtì díẹ̀ mọ. Sílìn lè bo páànù tí wọn kò kàn dáadáa. Táìsì lè bo ilẹ̀ tí wọn kò tẹ̀ kó le. Àwọn àgbà ní kí a tó mọ̀ pé kíjìpá kì í ṣe awọ, ó di ọdún mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé rí: ó gbọ́dọ̀ fojú kan ìgbà òjò méjì tàbí mẹ́ta kó tó sọ irú ọwọ́ tó kọ́ ọ. Ẹni tó fẹ́ rà á kò lè dúró fún ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n ó lè lọ wo ilé tí kọ́lékọ́lé yẹn kan náà kọ́ tà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ìdáhùn wà, kì í ṣe inú ilé àpẹẹrẹ.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí olùrà bi kọ́lékọ́lé kì í ṣe iye owó. Ibi tó ti kọ́lé tà rí, tí àwọn èèyàn sì ń gbé báyìí, ló yẹ kó béèrè. Ẹni tí kò bá lè dárúkọ ẹyọ kan, kò túmọ̀ sí pé olè ni. Ó kàn túmọ̀ sí pé ẹni tó bá kọ́kọ́ rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò fi owó ara rẹ̀ dán iṣẹ́ náà wò, owó tí irú olùrà bẹ́ẹ̀ yóò san sílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n.

Bó bá rí àdírẹ́sì gbà, kó lọ síbẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá, kó má sì jẹ́ kí ẹni tó ń bá kọ́lékọ́lé tajà mú un lọ. Lójú ọ̀nà Lẹ́kìí sí Ìbẹ̀jú, àti ní apá Mágbọ̀rọ̀ àti Ìbàfò, àwọn ibi tí ilẹ̀ ti jẹ́ àbàtà pọ̀, òjò oṣù kẹfà àti oṣù keje sì mọ ìdí ọ̀rọ̀ ju ìwé ìpolówó lọ. Kó wo ojú gọ́tà bóyá omi ń ṣàn tàbí ó dúró. Kó wo ìsàlẹ̀ ògiri bóyá ọ̀dà ti ń ṣí nítorí omi tó ń ti inú ilẹ̀ gòkè. Kó wo igun sílìn bóyá àbàwọ́n omi ti wà níbẹ̀. Kó wo igun fèrèsé pẹ̀lú. Ìlà tín-ín-rín lára ògiri tí wọ́n rẹ́ kì í ṣe nǹkan bàbàrà, torí sìmẹ́ǹtì máa ń sún kì bó bá ń gbẹ. Ṣùgbọ́n èyí tó là gba ẹ̀gbẹ́, tó fẹ̀ débi tí owó wẹ́wẹ́ lè wọ̀ ọ́, ìpìlẹ̀ ló sábà máa ń fi bẹ́ẹ̀ ké gbàjarè.

Lẹ́yìn èyí, kó kí àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Bó bá bi wọ́n pé ṣé ilé náà dára, kò ní rí òtítọ́ gbọ́, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ bú ilé ara rẹ̀ fún àlejò. Ìbéèrè mẹ́rin ló yẹ kó bi wọ́n. Kí ló kọ́kọ́ bàjẹ́? Ta ni wọ́n pè? Ọjọ́ mélòó ló tó wá? Ta ló sanwó àtúnṣe náà? Kò sí ilé tí nǹkan kan kì í bàjẹ́ níbẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Ohun tó ya kọ́lékọ́lé gidi sọ́tọ̀ kì í ṣe pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ní àbùkù rárá, bí kò ṣe pé ó ṣì ń gbé fóònù lẹ́yìn tó ti gba owó tán.

Bí ilé tó fẹ́ rà bá ṣì wà lábẹ́ ìkọ́, àǹfààní ńlá ni, torí ohun tí ọ̀dà yóò bò lọ́la ṣì wà lójú táyé lónìí. Kó mú ẹnjinníà tí COREN forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ dání, ẹni tí kì í jẹun lọ́wọ́ kọ́lékọ́lé. Ẹnjinníà yóò wo bóyá wọ́n ń bomi rin búlọ́ọ̀kù, bóyá ọ̀pá irin pé bó ṣe wà nínú àwòrán, àti bóyá wọ́n gbé kọnkéré lọ sí ilé ìdánwò ohun èlò ìkọ́lé tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń díwọ̀n agbára kọnkéré. Èsì ìdánwò náà jẹ́ ìwé, olùrà sì lè ní kí wọ́n fi han òun.

Àwọn kan yóò ní ilé tó wọ́n ní àdúgbò olówó kò nílò irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí wó lulẹ̀, ó sì pa èèyàn tó lé ní 40. Àdúgbò olówó ni Ìkòyí, ilé olówó ńlá sì ni. Iye owó kì í ṣe ẹ̀rí.

Lọ́yà a máa bá olùrà yẹ ìwé ilẹ̀ wò, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé C of O kò sọ nǹkan kan nípa ògiri. Ní Èkó, ìwé mìíràn wà tó yẹ kó béèrè: ìwé àṣẹ ìkọ́lé láti ọ̀dọ̀ LASPPPA, àti ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ LASBCA pé wọ́n kọ́ ilé náà parí bó ṣe yẹ, ó sì ṣeé gbé. Kó tún béèrè lọ́wọ́ LASRERA, àjọ tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbé kalẹ̀ láti máa mójú tó òwò ilé àti ilẹ̀, bóyá wọ́n mọ kọ́lékọ́lé náà.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú lẹ́yìn títà ló kù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ti ra ilé tuntun ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì mọ bí tiwọn ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ilé tuntun níbẹ̀ ló ń ní ìdánilójú ọdún 10, èyí tí NHBC, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1936, ń ṣe ló sì gbajúmọ̀ jù. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, kọ́lékọ́lé ni yóò tún àléébù iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ní ọdún mẹ́jọ tó kù, ìbánigbófò ló ń gbé ìnira àléébù ńlá. Ẹgbẹ́ àwọn kọ́lékọ́lé ibẹ̀ tún ń fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìràwọ̀. Ìràwọ̀ márùn-ún jẹ́ ti ẹni tí, ó kéré tán, 90 nínú 100 àwọn oníbàárà rẹ̀ bá ní àwọn lè júwe rẹ̀ fún ọ̀rẹ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ olùrà níbẹ̀ ṣì ń sanwó fún ẹni tí yóò bá wọn yẹ ilé wò kí wọ́n tó gba kọ́kọ́rọ́.

Ẹni tó fẹ́ ra ilé ní Àjáh tàbí Mówé kò ní ìràwọ̀ kankan láti wò. Ìwé àdéhùn nìkan ló ní. Kó wà nínú rẹ̀ pé fún oṣù 12, kọ́lékọ́lé ni yóò tún òrùlé, páìpù, iná àti ògiri tó bá là ṣe láì gbowó. Kó kọ iye ọjọ́ tí wọn yóò fi dáhùn, kó sì kọ orúkọ ẹni tí wọn yóò pè. Kó gba àwòrán ibi tí páìpù àti wáyà gbà kọjá nínú ògiri. Lékè gbogbo rẹ̀, kó dá owó díẹ̀ dúró. Èyí kì í ṣe àṣà tuntun: ìjọba àti iléeṣẹ́ ńlá tó ń gbé iṣẹ́ fún kọngilá máa ń dá owó dúró, ìdá 5 nínú 100 ló sì wọ́pọ̀, títí oṣù 6 tàbí 12 yóò fi kọjá lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí. Lórí ilé mílíọ̀nù 40 náírà, mílíọ̀nù 2 nìyẹn. Fóònù tí mílíọ̀nù 2 bá wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í dún lásán.

Kọ́lékọ́lé lè kọ̀ jálẹ̀, kó ní àwọn olùrà mìíràn ń dúró, àti pé sìmẹ́ǹtì ń wọ́n sí i lójoojúmọ́. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Owó ohun èlò ń lọ sókè, àwọn olùrà kan kì í sì í san tiwọn lásìkò. Olùrà kan ṣoṣo kò lè borí àríyànjiyàn yìí. Ṣùgbọ́n bí oníṣòwò mẹ́wàá láti inú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan bá jọ lọ, tí wọ́n jọ sanwó ẹnjinníà kan àti lọ́yà kan, ohùn wọn yóò rinlẹ̀, ìnáwó àyẹ̀wò yóò sì kéré lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kọ́lékọ́lé tó bá kọ̀ láti kọ ìlérí rẹ̀ sílẹ̀ fún èèyàn mẹ́wàá tówó wà lọ́wọ́ wọn, ó ti sọ irú ẹni tí yóò jẹ́ lọ́jọ́ tí òrùlé bá jò.

Ó sì yẹ kí àwọn kọ́lékọ́lé kéékèèké náà gbọ́ èyí, torí oníṣòwò làwọn pẹ̀lú. Ilé tí wọ́n padà lọ tún ṣe láì janpata ni yóò bá wọn ta ilé tó ń bọ̀, láì san kọ́bọ̀ fún ìpolówó. Ọjà tó bá dára kì í bẹ̀rù kí wọ́n tú u wò.