Paulin Hountondji àti ìbéèrè nípa ọgbọ́n àwọn baba wa

Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 2024, Ọ̀jọ̀gbọ́n Paulin Hountondji papò dà ní ìlú Kútọnu. Ẹni ọdún 81 ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, láti Bassila dé Pénéssoulou, ti pàdé orúkọ rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ fìlósọ́fì. Wọ́n sì ti há gbólóhùn méjì sórí nípa rẹ̀ de ìdánwò bac: pé ó tako « ethnophilosophie », àti pé ó ní Áfíríkà kò ní fìlósọ́fì. Òtítọ́ ni gbólóhùn àkọ́kọ́. Èkejì kì í ṣe òtítọ́ rárá, ó sì ń bà mí nínú jẹ́ tí mo bá kà á nínú ìwé ìdáhùn àwọn ọmọ. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin náà fún yín lóṣù yìí, kí ẹ̀yin fúnra yín lè dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́jọ́.

A bí i ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1942 ní Treichville, ní Abidjan, nígbà tí Côte d'Ivoire àti Dahomey ṣì wà lábẹ́ àwọn Faransé. Ní Àjàṣẹ́ ni ó ti kàwé, ní Lycée Victor Ballot tí à ń pè ní Lycée Béhanzin lónìí. Ó gba bac ní 1960, ọdún tí Dahomey gba òmìnira. Láti ibẹ̀ ó kọjá sí Párì, ó wọ Lycée Henri-IV, lẹ́yìn náà ó wọ École normale supérieure, níbi tí Louis Althusser àti Jacques Derrida ti ń kọ́ni. Ó yege nínú agrégation fìlósọ́fì ní 1966. Ní 1970 ó gba oyè dókítà lórí iṣẹ́ Edmund Husserl, Paul Ricoeur ni ó sì tọ́ ọ sọ́nà. Ẹni tó bá mọ bí ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn ti há tó yóò mọ̀ pé ọmọ tó gba ibẹ̀ kọjá lè jókòó sí Faransé títí ọjọ́ alẹ́. Ó kọ́ni díẹ̀ ní Besançon, ó lọ sí Kinshasa àti Lubumbashi, nígbà tó di 1972, ó padà wálé. Yunifásítì tó wà ní Abomey-Calavi ni ó fi ṣe ibùdó iṣẹ́ rẹ̀ láti ìgbà náà.

Ìwé tó sọ ọ́ di olókìkí jáde ní Párì ní 1976. Sur la « philosophie africaine » ni àkọlé rẹ̀. Kí a tó lè lóye rẹ̀, ó yẹ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀.

Ní 1945, àlùfáà Kátólíìkì kan, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Placide Tempels, tẹ ìwé kan jáde tó pè ní La philosophie bantoue. Ó ti gbé láàárín àwọn Lúbà ní Kóńgò. Nígbà náà, àwọn aláwọ̀ funfun tó gbà pé ènìyàn dúdú kò lè ronú jinlẹ̀ kò níye. Tempels kọ̀ jálẹ̀. Ó ní àwọn Bantu ní èrò tó jinlẹ̀ nípa ìwàláàyè, pé lójú wọn, agbára ni ìpìlẹ̀ ohun gbogbo. Inú ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé Áfíríkà dùn. Alexis Kagame, àlùfáà ọmọ Rwanda, tọ ọ̀nà kan náà: ó yẹ gírámà èdè ìlú rẹ̀ wò láti rí ohun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ rò nípa wíwà, ìwé tirẹ̀ sì jáde ní 1956. Láìpẹ́, gbogbo ẹ̀yà bẹ̀rẹ̀ sí í ní fìlósọ́fì tirẹ̀ nínú ìwé.

Hountondji wá béèrè ohun tí kò dùn mọ́ àwọn ènìyàn: ta gan-an ni ó ń ronú nínú àwọn ìwé wọ̀nyí?

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ilé. Ká ní àlejò kan dé sí Manigri, ó jókòó ti àgbà mẹ́ta fún oṣù méjì, ó kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, ó padà lọ tẹ ìwé jáde tó sọ pé « Báyìí ni àwọn Nàgó ṣe ń ronú. » Èwo nínú wa ni yóò dá ara rẹ̀ mọ̀ nínú rẹ̀? Ẹni tó bá ti jókòó níbi ìpàdé ẹbí lórí ọ̀rọ̀ ogún mọ̀ pé a kì í fi ẹnu kan sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀, àbúrò ní tirẹ̀, ìyàwó ilé tó dákẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà ní tirẹ̀. Àní òwe wa gan-an ń bá ara wọn jà. Ẹnìkan sọ pé àyànmọ́ kò gbóògùn, ẹlòmíràn dá a lóhùn pé ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Èwo nínú méjèèjì ni « èrò Yorùbá »? Lójú Hountondji, bí ènìyàn bá kó òwe méjèèjì jọ, tó sì pè wọ́n ní fìlósọ́fì, iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹnìkan tó ní orúkọ bá dìde tó sọ pé èyí ni òun gbà, ìdí tí òun fi gbà á nìyí, tí ẹlòmíràn sì dìde láti já a nírọ́, ọjọ́ náà ni fìlósọ́fì bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà kò sọ pé Áfíríkà kò ní fìlósọ́fì. Ohun tó sọ ni pé fìlósọ́fì Áfíríkà ni àwọn ìwé tí àwọn ọmọ Áfíríkà fúnra wọn kọ, tí wọ́n sì ń bá ara wọn jiyàn lé lórí. Ìwé Kagame wà lára wọn, àní bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá tilẹ̀ kù díẹ̀ káàtó.

Wọ́n bú u gidigidi fún ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní Faransé ti kó o lórí lọ, pé àwọn ọ̀mọ̀wé díẹ̀ nìkan ni ó kà sí ènìyàn, pé ó ti fi ìwé kíkọ sókè ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ̀wé tako o kíákíá, ní 1977, ni Olabiyi Babalola Yaï, Yorùbá bíi tiwa láti Ṣábẹ̀ẹ́, ẹni tó di alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ UNESCO láti 2007 sí 2009. Ní Nàìjíríà, Sophie Oluwole fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé pé àríyànjiyàn gidi wà nínú ẹsẹ Ifá, ó sì fi Ọ̀rúnmìlà wé Socrates, ará Gíríìsì tí òun náà kò kọ ìwé kankan. Ṣùgbọ́n Hountondji ti ní ìdáhùn sí èyí: bí kì í bá ṣe pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn Socrates kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, a kò bá tí mọ ohun tó sọ, débi pé a ó máa jiyàn lé e lórí.

Ní tèmi, mo rò pé ó jàre lórí ọ̀rọ̀ ẹnu kan ṣoṣo tí wọ́n ń fi sọ̀rọ̀ fún odidi ìran. Mo sì rò pé ó le jù sí ọ̀rọ̀ ẹnu nínú ìwé àkọ́kọ́ náà. Òwe tó ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀, ó ti mọ̀ kí Hountondji tó sọ ọ́ pé orí kan kò tó. Nígbà tó kọ Combats pour le sens ní 1997, tó fi sọ ìrìn-àjò ìrònú tirẹ̀, ó padà wo àwọn ìjà àtijọ́ yìí, ó sì fara balẹ̀ dá àwọn tó takò ó lóhùn. Kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe apá yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1980 lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí ìmọ̀ ṣe ń rìn láàárín Áfíríkà àti ilẹ̀ òkèèrè. Ó pe àìsàn tó rí níbẹ̀ ní « extraversion », ìyẹn ni pé ojú wa ń wo ìta nígbà gbogbo. Ẹ̀yin tí ẹ ní oko kajú ní agbègbè Bassila, ọ̀rọ̀ yín nìyí. Ọdún mélòó ni a fi ń ṣa kóró kajú, tí a ń dì í sínú àpò, tí ọkọ̀ ń kó o lọ sí Kútọnu, tí ọkọ̀ ojú omi sì ń gbé e lọ sí Íńdíà àti Vietnam kí wọ́n pa á níbẹ̀? Owó tó wà nínú pípa á, wọn ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Nítorí èyí ni ìjọba ṣe fòfin de kíkó kóró tútù jáde láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ọdún 2024, oṣù méjì péré lẹ́yìn ikú Hountondji. Ohun tó ti ń sọ nípa ìmọ̀ nìyẹn. Ọmọ Áfíríkà tó wà ní yunifásítì ń kó ìròyìn jọ nípa abúlé rẹ̀, nípa ewé, nípa òjò, nípa èdè, ó ń fi í ránṣẹ́ sí Párì tàbí Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi í ṣe ìmọ̀, a sì ń rà á padà nínú ìwé tó wọ́n. Ìbéèrè tí a ń wá ìdáhùn sí pàápàá, àwọn ni wọ́n ń bi wá. Òfin lè dá àpò kajú dúró ní èbúté. N kò rí òfin tó lè dá èyí dúró.

Nítorí náà ni ó ṣe kó àwọn olùwádìí jọ tí wọ́n kọ Les savoirs endogènes, tí CODESRIA tẹ̀ ní Dakar ní 1994. Wọ́n wo òjò, wọ́n wo ìwòsàn, wọ́n wo ìṣírò, wọ́n wo Fá. Wọn kò wá láti yìn wọ́n, wọn kò sì wá láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: wọ́n fẹ́ yẹ̀ wọ́n wò, kí wọ́n mọ èyí tó múná dóko àti èyí tí kò múná dóko.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ méjì tí mo máa ń lò ní kíláàsì hàn yín. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ babaláwo ní ojú mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kí ó dé. Ẹ fi 2 pọ̀ sí 2 lẹ́ẹ̀mẹ́jọ: 256 ni ó ń jẹ́, iye odù Ifá gan-an, 16 ojú odù àti 240 àmúlù. Ẹni tó ṣètò èyí mọ ìṣirò, bí kò tilẹ̀ pè é ní orúkọ tí a fi ń pè é ní ilé-ìwé. Àpẹẹrẹ kejì ni oǹkà. Àwọn ọmọ máa ń sọ fún mi pé oǹkà Yorùbá ti le jù, pé Faransé rọrùn. Ọgọ́rin ni ogún mẹ́rin. Kí ni « quatre-vingts »? Ogún mẹ́rin náà ni. Nígbà tó bá di 90, Faransé fi mẹ́wàá kún ogún mẹ́rin, àwa yọ mẹ́wàá kúrò nínú ogún márùn-ún, a pè é ní àádọ́rùn-ún. Ẹni tó lè ka « quatre-vingt-dix » láìkọsẹ̀ kò ní àwíjàre kankan. Ṣùgbọ́n mo gbà, gẹ́gẹ́ bí Hountondji yóò ti gbà, pé oǹkà tó ń yọ mẹ́wàá, tó tún ń yọ márùn-ún kúrò lára rẹ̀ kí ó tó di 45, kò yára fún ìṣirò orí ìwé. Kí a bọ̀wọ̀ fún un kò ní kí a má sọ ibi tó ti kù.

Kwasi Wiredu, ọmọ Gáná tó kú ní 2022, fi ohun kan kún un tó kan ìwé ìròyìn elédè méjì bíi tiwa: kí onímọ̀ gbé ohun tó kọ́ ní èdè àjèjì padà sí èdè abínibí rẹ̀, kí ó wò ó bóyá ó ṣì dúró. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú « être ». Faransé ní ọ̀rọ̀ kan, àwa ní « wà », « ni », « jẹ́ », « rí ». Bí mo bá ní « ó wà », ẹ ó bi mí pé níbo. Àwọn ìbéèrè kan tó ti gba oorun lójú àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù lè jẹ́ ìbéèrè nípa gírámà wọn. Àwọn mìíràn yóò kù síbẹ̀, ìyẹn ni ìbéèrè gbogbo ènìyàn. Bí a kò bá gbé e dé èdè wa, a kò ní mọ èyí tó jẹ́ èwo.

Ó kù kí n sọ̀rọ̀ nípa ìṣèlú, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Odidi ọdún 17 ni Hountondji fi kọ́ni lábẹ́ ìjọba Ààrẹ Kérékou tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ rí i pé ọkùnrin tó kọ̀wé tako ẹnu kan ṣoṣo nínú ọ̀rọ̀ àṣà mọ ohun tó ń sọ nínú ọ̀rọ̀ ìlú pẹ̀lú. Ní oṣù kejì ọdún 1990, láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28, ó wà lára àwọn tó jókòó sí Àpérò Àpapọ̀ ní Hôtel PLM Alédjo ní Kútọnu, orúkọ tí kò ṣàjèjì sí wa, nítorí Alédjo wà nínú kọ́múùnù Bassila. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi í ṣe mínísítà ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà mínísítà àṣà àti ìbánisọ̀rọ̀ títí di 1993. Ó padà sí yunifásítì, ó sì darí Centre africain des hautes études ní Àjàṣẹ́. Ó jẹ́ ohun ìtùnú fún mi pé ó padà.

Lóṣù tó ń bọ̀, a ó gbọ́ tẹnu alátakò rẹ̀, Olabiyi Yaï ti Ṣábẹ̀ẹ́. Kí ẹni tó bá ní ìjiyàn pẹ̀lú ohun tí mo kọ lónìí kọ ọ́ ní Nàgó tàbí ní Faransé, kí ó fi orúkọ rẹ̀ sí i, kí ó sì fi í lé olóòtú wa lọ́wọ́ kí oṣù tó parí.