Ọkọ̀ onígbòkun ní yúrò kan ní Faransé: kí ló yẹ ká wò ká tó gbà á?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí, etíkun Faransé ló ti wá, ní Bretagne àti Vendée. Ṣùgbọ́n ó kàn wá, torí àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún. Wọ́n ń ta ọkọ̀ onígbòkun àlòkù níbẹ̀, ọkọ̀ tó gùn tó mítà mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, ní yúrò kan ṣoṣo. Yúrò kan, ìyẹn 655 F CFA. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, ibi ìdáná wà, ẹ̀rọ tó ń mu gasoil wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á ní oríire rèé. Àwa ní kó rọra.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí 1970 wá, àwọn iléeṣẹ́ bíi Bénéteau àti Jeanneau ní Vendée ń ṣe ọkọ̀ polyester bí ẹni ń dín àkàrà. Pákó a máa jẹrà, irin a máa dógùn-ún, ṣùgbọ́n polyester kì í lọ bọ̀rọ̀. Àwọn tó ra ọkọ̀ náà ti darúgbó, àwọn mìíràn ti kú, àwọn ọmọ wọn ò sì ráyè òkun. Ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ní 2019, ìjọba Faransé gbé ètò kan kalẹ̀: àwọn tó ń ta ọkọ̀ tuntun ń dá owó, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ APER sì ń bójú tó títú àwọn tó ti gbó palẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ kì í sanwó títú. Àmọ́ nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, owó gbígbé e dé ibi tí wọ́n ti ń tú u, ọrùn ẹni tó ni ín ló wà. Gbígbé ọkọ̀ tọ́ọ̀nù mẹ́rin sórí kámíọ̀ kì í ṣe owó kékeré. Ẹ rí i báyìí? Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ta ọkọ̀ ní yúrò kan, ẹrù ló fẹ́ sọ̀, orí ẹlòmíràn ló sì ń wá.

Ìnáwó rẹ̀ gan-an ń bẹ níwájú. Ní èbúté, gígùn ọkọ̀ àti fífẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gba owó lé, wọn kì í bi yín léèrè pé èló lẹ rà á. Ọkọ̀ yúrò kan tó gùn ní mítà mẹ́wàá ń san iye kan náà pẹ̀lú ọkọ̀ olówó iyebíye tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: ní àwọn èbúté ìjọba, àyè tí ọkọ̀ dúró sí kì í bá ọkọ̀ lọ nígbà tí wọ́n bá tà á. Olówó tuntun á lọ forúkọ sílẹ̀ kó tó tò, àwọn èbúté kan sì wà tí èèyàn ń dúró fún ọdún pípẹ́. Fi owó orí ọdọọdún kún un fún ọkọ̀ tó bá gùn tó mítà méje sókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń dínkù bí ọkọ̀ ṣe ń dàgbà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a máa bi ọmọ wa nìyí: níbo lo máa so ó mọ́?

Tó bá ti rí ibi tó máa so ó mọ́, a lè wá yẹ ọkọ̀ wò. Ìsàlẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀, níbi tí ojú ò tó.

Irin wúwo kan wà lábẹ́ ọkọ̀ onígbòkun, àwọn Faransé ń pè é ní quille. Òun ló ń mú ọkọ̀ nàró bí atẹ́gùn bá tì í. Tí quille bá já, ọkọ̀ á dojú dé lójú ẹsẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2014, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Cheeki Rafiki gbéra láti Antigua, ó ń padà sí Southampton ní Gẹ̀ẹ́sì. Bénéteau First 40.7 ni, wọn ò tíì lò ó ju ọdún mẹ́jọ lọ. Quille rẹ̀ já ní àárín òkun Àtìláńtíìkì. Èèyàn mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, a ò rí ìkankan nínú wọn mọ́. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà kan rí ìdí rẹ̀ tó dojú dé, ọkọ̀ ìsádi onírọ́bà wọn ṣì wà ní ibi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, wọn ò ráyè ṣí i. Àwọn olùwádìí Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ìròyìn jáde ní 2015 ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìgbà tí ọkọ̀ náà ti fìdí gbálẹ̀ sẹ́yìn, pẹ̀lú àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i, ló sọ ibi tí quille so mọ́ di aláìlágbára.

Nítorí náà, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé: ó ti fìdí gbálẹ̀ rí? Ta ló tún un ṣe? Ìwé àtúnṣe dà? Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé ọkọ̀ jáde nínú omi, kí wọ́n ṣí pákó ilẹ̀ inú rẹ̀, kí ẹ wo àwọn boulon tó di quille mú. Tí omi ìpẹtà bá ń sun níbẹ̀, tàbí ibi tí quille ti pàdé ìdí ọkọ̀ bá là, ìkìlọ̀ nìyẹn.

Àwọn kan máa ń pariwo osmose ju èyí lọ, ìyẹn ìléròrò tó máa ń yọ sí ara polyester tó ti pẹ́ nínú omi. Lójú tiwa, a lè fi osmose ná ọjà wálẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń pa èèyàn. Ẹ jẹ́ kí ojú yín wà lára òkè ọkọ̀ níbi tí wọ́n ń tẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ní igi fúyẹ́fúyẹ́ láàárín polyester méjì. Tí omi bá wọ ibẹ̀, igi á rà. Onímọ̀ tí wọ́n ń pè ní expert maritime á fi òòlù kékeré kàn án káàkiri, bí àwọn ìyá wa ṣe ń kan ìkòkò lọ́jà kí wọ́n tó sanwó. Ibi tó dára á dún gbọnran. Ibi tó rà á dún bọ̀, bí ẹni ń lu tìmùtìmù.

Àwọn okùn irin tó di òpó ìgbòkun mú náà ńkọ́? Lẹ́yìn ọdún 10 sí 15, wọ́n ní láti pààrọ̀ wọn, ì báà tiẹ̀ máa dán. Iléeṣẹ́ ìdójútòfò lè ní àwọn ò gba ọkọ̀ láìjẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti vanne tí omi ń gbà wọlé, ẹ wo àwọ̀ idẹ rẹ̀: tó bá ti pọ́n bíi bàbà, agbára rẹ̀ ti tán, ọwọ́ lásán lè ṣẹ́ ẹ. Ihò kékeré bẹ́ẹ̀ ti ri ọkọ̀ púpọ̀.

Ti ẹ̀rọ, ẹ̀yin tó ti ra mọ́tò venu ní Kútọnu mọ̀ ọ́n. Kó tutù kí ẹ tó dé. Tí ọwọ́ yín bá bá a ní gbígbóná, wọ́n ti fẹ́ fi nǹkan pamọ́. Èéfín búlúù, òróró ló ń jó.

Ibi tí yóò ti rìn náà ṣe pàtàkì. Ní Saint-Malo, omi òkun lè fà tàbí kó kún ju mítà 12 lọ láàárín wákàtí mẹ́fà péré. Níbẹ̀, ọkọ̀ tó ní quille méjì, tó lè jókòó sórí yanrìn fúnra rẹ̀, dára ju èyí tó ní quille gígùn kan. Ní ìhà Sípéènì àti Pọ́túgà, láti 2020 ni àwọn ẹranko òkun ńlá tí wọ́n ń pè ní orque ti ń fọ́ ìtọ́kọ̀ àwọn ọkọ̀ onígbòkun, wọ́n tiẹ̀ ti ri mélòó kan. A ò fi ṣe ẹ̀rù bà yín; ẹ kàn wo bí ìtọ́kọ̀ rẹ̀ ṣe lágbára tó.

Àwọn kan á sọ pé kí ọmọ náà wà á wá sílé. Hẹn. Etíkun Bẹ̀nẹ̀ tẹ́ gbalaja, ìgbì ń fọ́ lójú yanrìn, ihò tí ọkọ̀ kékeré lè sá wọ̀ ò pọ̀ níbẹ̀. Odò Nokoué pàápàá, ọ̀pá ni wọ́n fi ń tukọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni quille ọkọ̀ mítà mẹ́wàá sábà máa ń jìn ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ.

Ti ìwé: ẹ béèrè certificat d'enregistrement, kí orúkọ tó wà níbẹ̀ sì bá ti ẹni tó ń tà mu. Ẹ wádìí bóyá gbèsè hypothèque wà lórí rẹ̀, torí ọkọ̀ ló ń tẹ̀ lé, kò ní dúró lọ́dọ̀ ẹni tó jẹ ẹ́. Kí ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹ ò ní rà á tí expert bá rí àléébù ńlá. Ẹ̀yin lẹ máa yan expert náà, ẹ̀yin lẹ sì máa san owó rẹ̀. Tí ẹni tó ń tà bá ní òun ò ní jẹ́ kí wọ́n gbé ọkọ̀ jáde nínú omi, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.