Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọdé Mọ Ojú Aago

Ọ̀rọ̀ aago ni a fẹ́ bá àwọn olùkọ́ wa sọ lónìí, kì í sì í ṣe ti inú fóònù, bí kò ṣe aago ọlọ́wọ́ tí à ń gbé kọ́ ara ògiri. Ó ń ká wa lára pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó mọ ìwé kà dáadáa ni kò lè wo irú aago bẹ́ẹ̀ kí ó sọ ohun tí ó wí. Bí a bá bi í pé aago mélòó ni ó lù, fóònù bàbá rẹ̀ ni yóò sáré lọ wò.

Àwọn kan yóò ní kí ni ó burú níbẹ̀? Àjọ WAEC kò gba fóònù láyè nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Aago ara ògiri ni ọmọ tí ó jókòó síbẹ̀ yóò gbójú lé, bí kò bá sì mọ̀ ọ́n kà, kò ní mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun fi ìbéèrè kan sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn. Ní ọdún 2018, a gbọ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ń yọ aago ọlọ́wọ́ kúrò ní gbọ̀ngàn ìdánwò, wọ́n ń fi èyí tí ń kọ nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ̀ ọ́n kà. Àwa kò fara mọ́ irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

A kò dá ọmọ lẹ́bi. Èdè méjì ni ojú aago ń sọ lẹ́ẹ̀kan náà: 3 tí ó wà níbẹ̀, aago mẹ́ta ni fún ọwọ́ kúkúrú, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni fún ọwọ́ gígùn. Olùkọ́ tí ó bá kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní méjèèjì lọ́jọ́ kan náà ti gbé ẹrù tí ó ju ọrùn rẹ̀ lọ rù ú. Kí ó yọ ọwọ́ gígùn kúrò ná. Kí ó fi ọwọ́ kúkúrú nìkan kọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan: aago méjì géérégé, aago méjì kọjá díẹ̀, aago méjì ààbọ̀, ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù. (Etí ni àwọn baba wa fi kọ́kọ́ mọ aago, ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ó lù títí di òní.) Ọmọ tí ó bá mọ èyí, bí ó bá rí ọwọ́ kúkúrú tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 4, kò ní sọ pé aago mẹ́rin ti kọjá.

A kò kẹ́gàn aago páálí tí àwọn olùkọ́ ń gé, ṣùgbọ́n ó máa ń purọ́. Ọmọ yóò yí ọwọ́ gígùn dé 6, ọwọ́ kúkúrú yóò sì dúró gbọin lórí 3, bẹ́ẹ̀ ni agbedeméjì 3 àti 4 ni ó yẹ kí ó wà ní aago mẹ́ta ààbọ̀. Aago ìtanijí àtijọ́ kan, bí kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́, sàn ju ogún aago páálí lọ, níwọ̀n ìgbà tí kókó ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣì ń yí ọwọ́ méjèèjì pọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kí ìṣẹ́jú tó wọlé, ní márùn-ún márùn-ún. Níhìn-ín ni èdè wa ti ṣe olùkọ́ lóore. Ọmọ tí ó pe 55 ní márùndínlọ́gọ́ta ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé márùn-ún ni ó kù kí ọgọ́ta pé, ọgọ́ta ìṣẹ́jú sì ni wákàtí kan. "Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago mẹ́rin lù" kò tún lè ṣòro fún un mọ́. Nọ́ńbà èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe irú ìrànlọ́wọ́ yìí. Kí àwọn tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọ́ ọmọ ní ìṣirò ní kíláàsì kìíní rò ó wò. Fóònù ń sọ ibi tí àkókò dé. Ọwọ́ aago ń fi èyí tí ó kù han ojú, èyí tí ó kù yìí gan-an ni ọmọ nílò nínú ìdánwò.

À ń fẹ́ kí àwọn ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìpínlẹ̀ wa fi aago ọlọ́wọ́ kan fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan kún àga àti ìwé tí wọ́n ń rà. Bí ọwọ́ ìjọba kò bá tètè yá, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ lè dáwó rà á. Àwọn olóṣèlú wa pẹ̀lú, tí wọ́n máa ń pín aago ògiri tí àwòrán wọn wà lójú rẹ̀ nígbà ìdìbò, lè gbé díẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. A kò ní bínú sí àwòrán náà, bí kò bá ti bo nọ́ńbà mọ́lẹ̀. Kí a má ṣe gbé e kọ́ ọ́fíìsì ọ̀gá. Ibi tí ojú ọmọ tó ni kí ó wà, kí bátìrì má sì tán nínú rẹ̀, kí a sì máa yan ọmọ kan lójoojúmọ́ tí yóò kà á sókè kí a tó lu agogo ìsinmi.